Ọ̀nà ni Ilé Wọn: Ìtàn Àwọn Eléré Alárìnjò àti Ìlú Ọ̀fà

Kí gbọ̀ngàn tó dé, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó dé, àwọn eléré ti ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ìdílé ni: baba kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ ọmọ-ọmọ. Bí wọ́n bá wọ ìlú, wọ́n á kọ́kọ́ kí ọba, wọ́n á ṣeré lójúde ààfin, wọ́n á gba ẹ̀bùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọ́n á sì tún ta kété sójú ọ̀nà. Àwọn la mọ̀ sí alárìnjò, tí àwọn mìíràn ń pè ní eégún apidán tàbí ọ̀jẹ̀. Ohun kan hàn nínú ìtàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní: bí ọ̀nà bá yí padà, eré a yí padà. Ogun tó dí ọ̀nà, reluwé tó la ọ̀nà, òfin tó ti ọ̀nà, epo mọ́tò tó di ọ̀wọ́n, àwọn wọ̀nyí ló pinnu irú eré tí àwọn baba wa wò. Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, wà lójú ọ̀nà láàárín Òṣogbo àti Ìlọrin, gbogbo ìyípadà yìí ló sì gba ẹ̀bá ìlú náà kọjá.

Ọmọ aládé, ìjàkadì àti Mọrèmi

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀fà sọ pé Ọ̀yọ́ ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti wá. Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgangan, ọmọ aládé àti ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ dá nínú ọfà títa, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Ibùdó tí wọ́n gbà kọjá ju ẹyọ kan lọ kí ìlú tó fìdí kalẹ̀ síbi tó wà lónìí. Ìran wọn ni a ń fi oríkì Ìyẹ̀rú Ọ̀kín kí, Ìbọ̀lọ́ sì ni a ń pe ẹ̀yà Yorùbá tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Ìlú tó bá ti Ọ̀yọ́ wá a máa gbé àṣà Ọ̀yọ́ dání: ìlù, oríkì, eégún ilé. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀jẹ̀ bá ti ìhà Ọ̀yọ́ dé irú ìlú bẹ́ẹ̀, wọn kì í bá àjèjì pàdé. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀sà eégún, tó sì mọ ibi tó yẹ kí a ti gbè é, ni wọ́n ń bá.

Ọ̀fà ní eré tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìjàkadì ni orò ìlú náà. Nígbà ọdún Onímọ́kà, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ àti Ẹ̀sà, tí í ṣe ìjòyè rẹ̀, a máa jùmọ̀ gbá ara wọn mú lójú ìlú. Ènìyàn á pagbo, ìlù á máa kì wọ́n, agbára á di ohun àpéwò. Irú agbo yìí gan-an ni ìtàgé alárìnjò. Kò sí aṣọ ìkélé, kò sí pèpéle. Ibi tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ pagbo sí ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí Ọ̀fà kò fi ṣeré rárá, òun ni ìtàn Mọrèmi Àjàṣorò. Àwọn ará Ọ̀fà gbà pé ọmọ bíbí ìlú wọn ni, pé ilé ọkọ ló bá dé Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rántí rẹ̀ nígbà ọdún Ẹdì, iṣẹ́ tí ó ṣe ni wọ́n ń sọ jù. Àwọn Ìgbò, tí kì í ṣe àwọn tó ń jẹ́ Ìgbò lónìí, a máa fi ìko bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ bí ará ọ̀run, wọ́n á sì wọ ìlú wá kó dúkìá. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà, ó sì sọ fún Ifẹ̀ pé kí wọ́n fi iná ògùṣọ̀ pàdé ìko gbígbẹ.

Ibi tí ìtàn méjèèjì kò ti bára mu nìyí. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn àwọn ìdílé ọba, Ọ̀yọ́ ni Ọ̀fà ti wá, Ifẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́ ti wá. Báwo ni ọmọ Ọ̀fà ṣe wá di aya ní Ifẹ̀ ìgbàanì, kí Ọ̀yọ́ pàápàá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ènìyàn ti ń gbé agbègbè náà kí Ọlálọ́mí tó dé, tí orúkọ ìlú tuntun wá bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ìran tó ṣí kiri ló gbé ìtàn náà dání lọ síbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ìwé kankan kò sí láti ìgbà náà tó lè dá ẹjọ́ yìí. Ohun tó dájú ni pé láti ayébáyé ni Yorùbá ti mọ̀ pé aṣọ tó bo ojú lè jọba lórí ènìyàn, àti pé agbára náà a wó lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ ẹni tó wà nínú aṣọ.

Iwin Ọ̀yọ́-Ilé àti ìdí tí eré fi bẹ̀rẹ̀

Orí ohun kan náà ni ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ alárìnjò dá lé. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì kó ìjọba lọ sí Ìgbòho. Ọba lé ọba jẹ níbẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú padà sílé, kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, wọ́n ti bímọ sí Ìgbòho. Ipadàbọ̀ náà á jẹ ọba níyì, òfò ni yóò sì jẹ́ fún tiwọn. Wọ́n dọ́gbọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti irú wọn ṣáájú lọ sórí òkè ní ahoro ìlú náà, kí wọ́n máa hu bí iwin, kí àwọn tí ọba bá rán wá wo ilẹ̀ lè bẹ̀rù sá padà. Àṣírí tú, ọba ní kí wọ́n lọ mú àwọn iwin náà wá, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀.

Báyìí ni Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ìṣọ̀tẹ̀ ìjòyè ló fà yọ nínú rẹ̀. Joel Adédèjì, onímọ̀ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó parí ìwádìí ńlá lórí alárìnjò ní 1969, tẹ́tí sí àwọn ìdílé ọ̀jẹ̀, ó sì gbọ́ apá kejì. Àwọn sọ pé Ológbìn Ológbojò, ará ààfin, ló fi ìjìnlẹ̀ ète náà han ọba, àti pé láti ara àwọn iwin tí wọ́n mú náà ni eré ti bẹ̀rẹ̀ ní ààfin. Lójú tiwọn, ìjòyè ni abuké yẹn, ìjòyè ni arọ yẹn: oníkálùkù àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì tó rán wọn ni eré ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sà Ògbìn ni wọ́n ń júbà gẹ́gẹ́ bí aṣáájú iṣẹ́ náà.

Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀; orí ẹni tó ni ògo rẹ̀ ni wọ́n ti yà. Ti Johnson gbé e fún ọba, ti àwọn ọ̀jẹ̀ gbé e fún eléré. Ìtumọ̀ tèmi ni pé ti àwọn ọ̀jẹ̀ ló ṣàlàyé eré jù, nítorí ó sọ ìdí tí alárìnjò fi jẹ́ ẹni tó lè sọ òtítọ́ sí alágbára lójú láìjìyà. Ààfin fúnra rẹ̀ ló fún un láyè. Ìdí nìyí tí eré wọn fi kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjúbà, tí ijó fi ń tẹ̀ lé e, kí idán tó dé, kí ẹ̀fẹ̀ sì tó dé lẹ́yìn idán. Inú aṣọ kan náà ni ọ̀jẹ̀ ti ń di erè, di ọ̀nì, di ẹkùn; bó bá yá, á di Tápà, á di ọ̀mùtí, á di òyìnbó.

Lórí òyìnbó yìí, àkọsílẹ̀ dúró gbọn-in lẹ́yìn ìtàn ẹnu. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì pè wọ́n síbi eré. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpín mẹ́ta ni. Nínú èkíní, àwọn eléré wọnú àpò, wọ́n jó, wọ́n ń ta kìtì. Nínú èkejì, wọ́n mú erè ńlá. Nínú ẹ̀kẹta, ẹnìkan jáde ní funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín aṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Òyìnbó àlejò ni wọ́n fi ń ṣeré lójú ara rẹ̀, gbogbo agbo sì ń wo àwọn méjèèjì. Àjèjì náà gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹ̀rí tó tó èyí fún eré ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà yẹn: ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ogun tú agbo ká

Kò pé ọdún mẹ́wàá lé díẹ̀ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Ìjà Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, pẹ̀lú Aláàfin sọ Ìlọrin di ibùdó agbára tuntun tí ìran Álímì, àlùfáà Fúlàní, ń jọba lé lórí. Ààfin tó ń bọ́ eléré tú. Ní ìlú tí ìjọba rẹ̀ ti di ti Mùsùlùmí, àyè eégún dín kù, àwọn ìdílé ọ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé àwọn ogunléndé lọ sí ìhà gúúsù, sí ilẹ̀ Ìbàdàn, Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbádò àti Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni eré ti kúrò lọ́wọ́ ọba kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kan di púpọ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje, ọjà àti ọdún ìlú ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé kiri. Orúkọ bí Agbégijó, Ayélabọ́lá àti Lébé di ohun tí ọmọdé mọ̀. Ohun tó pa ìjọba Ọ̀yọ́ ló sọ eré ààfin di eré gbogbo ayé.

Ọ̀fà rí nínú ogun yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Abẹ́ Ìlọrin ló wà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fà sí Ìbàdàn. Nígbà ogun Jálumi ní Ìkìrun ní 1878, Ìbàdàn lé Ìlọrin, Èkìtì àti àwọn alájọṣe wọn sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Ọ̀fà sì di egbò lára Ìlọrin. Balógun Kàrárà ti Ìlọrin wá do ti ìlú náà ní àwọn ọdún 1880, kò sì kúrò títí ó fi ṣubú ní nǹkan bí 1890. Johnson fi ìbànújẹ́ kọ bí wọ́n ṣe pa àwọn olórí ìlú. Àwọn tó ráyè sá bọ́ sí Ìkìrun àti ilẹ̀ Ìbàdàn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ogun náà kì í sábà sọ ohun tó ṣe fún eré: eégún ìdílé ni eégún, bí ìdílé bá sá, aṣọ, ẹ̀sà àti ìlù rẹ̀ bá a sá. Ìgbà tí agbára Ìlọrin rọ̀ lẹ́yìn tí Royal Niger Company ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1897 ni ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí kún. Àwọn tó padà ti gbé láàárín àwọn ará ìsàlẹ̀, wọ́n ti wo eré wọn, wọ́n ti gbọ́ orin wọn.

Reluwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti kọ́ńsáàtì

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀, wọ́n fi Ọ̀fà sí ìhà Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ẹnu wọn ló pín in. Irin ni ó tún un so. Reluwé tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Láti ìgbà náà, ẹni tó wọkọ̀ ní Ìdó lè sọ̀ ní Ọ̀fà láìtẹ bàtà sí ẹrẹ̀ ogun. Ànàmọ́ tí a mọ ìlú náà mọ́ ń lọ, ọjà Èkó ń bọ̀, àwọn oníṣòwò Ọ̀fà sì ń tẹ̀ síwájú dé ilẹ̀ Haúsá àti Góòlù Kóòsìtì, níbi tí wọ́n ti pọ̀ láàárín Yorùbá tó wà ní Tàmálè àti àgbègbè rẹ̀.

Eré tuntun ti hù létí òkun nígbà náà. Ní Èkó, àwọn Sàró àti Àgùdà ti ń ṣe kọ́ńsáàtì láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1904, Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ ṣe eré D. O. Oyèdélé lórí Ọba Eléjìgbò. Ní ìlú Òyìnbó, àwọn ẹgbẹ́ tí ń wọ aṣọ funfun onídìdì, tí wọ́n ń pè ní pierrot, ń lọ láti etíkun dé etíkun pẹ̀lú orin, ijó àti àwàdà kéékèèké, ‘concert party’ sì ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà ré kọjá sí Góòlù Kóòsìtì. Ní 1918, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Yalley kun ojú ṣeré ní Sekondi nígbà àjọ̀dún Empire Day. Ní àwọn ọdún 1930, Bob Johnson àti Axim Trio ti sọ ọ́ di eré aláwàdà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní èdè ilẹ̀ wọn. Ẹ wò ó bí ó ṣe bá ti alárìnjò mu: ìlù ìbẹ̀rẹ̀, ijó, àwàdà kúkúrú, orin ìdágbére. Kì í ṣe pé ọ̀kan jí ti èkejì. Ẹgbẹ́ tó ń gbé orí ìrìn kò lè ru ẹrù púpọ̀, àlejò ló sì máa ń jẹ́ fún àwọn tó ń wò ó. Ipò kan náà ló bí ìlànà kan náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló mú apá kẹta wá. Àwọn míṣọ́nnárì bá eégún wí, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Àmọ́ inú àwọn ìjọ Áfíríkà àti Aládùúrà gan-an ni orin Yorùbá àti ìlù ti padà wọlé. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1940, àwọn bí A. B. David, G. T. Oníimọlẹ̀ àti Ajíbọ́lá Láyẹni ń fi orin ṣe ìtàn Bíbélì ní Èkó. Ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti yọ.

Ògúndé àti àwọn tó tẹ̀ lé e

Ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ògúndé, wọ́n bí i ní 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe ọlọ́pàá, ó ń kọ orin fún ìjọ. Ní oṣù Kẹfà 1944, ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì ní Glover Memorial Hall. Ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ó sì sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. African Music Research Party ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó pè é ní Ogunde Concert Party.

Àríyànjiyàn wà lórí ibi tí irú eré rẹ̀ ti wá. Adédèjì rí i bí ọmọ alárìnjò tààrà. Àwọn mìíràn ní inú ṣọ́ọ̀ṣì àti kọ́ńsáàtì Èkó ló ti hù, pé kò sí okùn láàárín òun àti ọ̀jẹ̀. Ìgbésí ayé Ògúndé fúnra rẹ̀ gba àwọn méjèèjì láre: ní kékeré, ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ eégún alárìnjò; lágbà, ilé ìjọsìn ló kọ́kọ́ ti ṣeré. Ohun tó mú u sún mọ́ ọ̀jẹ̀ jù ni ìrìn. Kò jókòó sí Èkó. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè, ó sì bá ìjọba pàdé níbẹ̀: eré rẹ̀ *Strike and Hunger*, lórí ìyanṣẹ́lódì 1945, ni wọ́n fòfin dè ní Jọ́ọ̀sì.

Ní 1964, ó ṣe *Yorùbá Ronú*, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà títí di 1966 tí ìjọba ológun mú un kúrò. Níbi yìí, ìpín ilẹ̀ tó ti ń dun Ọ̀fà di ohun mìíràn. J. S. Ọlawoyin, ọmọ Ọ̀fà, wà lára àwọn tó fi ọdún púpọ̀ jà kí Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé Àríwá ni Ọ̀fà wà, òfin tí Ìbàdàn ṣe kò dé ibẹ̀. Ààlà tó ya ọmọ ìyá nípá ló tún jẹ́ odi fún ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ ìyá gbọ́.

Òṣogbo, tí ọkọ̀ ojú irin so mọ́ Ọ̀fà, wá di orísun eléré. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, fi ìwà àti èdè ìpàrọwà ṣeré. Ní 1963, ó gbé *Ọ̀mùtí* jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dúró Ládiípọ̀ dá ibùdó àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962. Ní ọdún náà ló ṣe *Ọba Mọ́rọ̀*, ìtàn iwin Ọ̀yọ́-Ilé tó bí alárìnjò. *Ọba Kò So* tẹ̀ lé e ní 1963, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964. Ní 1966, ó ṣe *Mọrèmi*. Oyin Adéjọbí náà ń ti Òṣogbo jáde. Ìgbà yìí ni mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ reluwé: gbohùngbohùn á máa polówó lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn ilé ìwé ni eré á ti wáyé lálẹ́. Ọ̀fà ti ní tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú ti dá Offa Grammar School sílẹ̀ láti 1943.

Lára gbogbo wọn, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ló sún mọ́ aláwàdà ìgbàanì jù, pẹ̀lú awò ojú tí kò ní gíláàsì àti táì rẹ̀ ràbàtà. Ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà gan-an, Àgbàmú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà bí Adéyẹmí Afọláyan, Adé Lọ́ọ̀fù, tó ṣe olórí eré nínú *Àjàní Ògún* ní 1976, lára àwọn fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Bíọ́dún Jéyìfò, tó kọ ìwé lórí àwọn ẹgbẹ́ eléré wọ̀nyí ní 1984, rí i pé wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí agbo wọ inú àpótí

Iye ẹgbẹ́ yẹn ni òkè téńté iṣẹ́ náà. Tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959; àwọn eléré lò ó polówó ara wọn, ṣùgbọ́n ó tún kọ́ ènìyàn láti jókòó sílé. Fíìmù dé, ó sì gba owó púpọ̀. Bàbá Sàlá fi ohun tó ní ṣe *Ọ̀run Móoru* ní 1982, àwọn olè sì ṣe àdàkọ rẹ̀ tà káàkiri, gbèsè dé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, epo, táyà àti fíìmù di ọ̀wọ́n pọ̀. Adigunjalè mú ìrìn òru di ewu. Reluwé pàápàá ti rẹ̀ ẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, fídíò gba ilé, ẹgbẹ́ ẹlẹ́bí tú ká sí òṣèré ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ògúndé kú ní 1990.

Àwọn kan ní fídíò ló pa alárìnjò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ti dí kí fídíò tó dé. Ohun tí fídíò bá nílẹ̀ ló kó. Bí ọ̀nà bá dára, tí òru sì ní ààbò, ẹni tó ní fídíò nílé á ṣì jáde lọ pagbo, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń jáde lọ wo bọ́ọ̀lù lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Kwara, ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa kò ju agbára wa lọ. Àwọn àgbà tó wo Ògúndé, Ládiípọ̀ àti Bàbá Sàlá lójúkojú ṣì wà láàyè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ẹni tó ní àwòrán, pátákó ìpolówó tàbí tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ má sun ún, kó fi í fún ilé ìkàwé. Kí àwọn tó ń ṣètò ọdún Onímọ́kà fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀jẹ̀ àti òṣèré orí ìtàgé lójúde ààfin, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Ìran tó tẹ́wọ́ gba eré yìí lẹ́yìn Kàrárà, tí ilé wọn jó, tí wọ́n sì tún un kọ́, kò sọ pé ó ti pẹ́ jù. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.